Ta Ni À Ń Ṣọdún Fún?

Láti ìgbà tí àwòrán Ojúde Ọba ọdún 2024 ti gba orí ayélujára kan, tí àwọn tí kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde rí ń fi ẹṣin àti agbádá ibẹ̀ sí ojú fóònù wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀ràn wa. Kọmíṣánnà ń sọ ọ́, akọ̀ròyìn ń sọ ọ́, àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó àti Lọ́ńdọ̀nù ń sọ ọ́ fún àwọn ará ilé lórí WhatsApp: ẹ jẹ́ ká sọ ọdún tiwa náà di ohun tí gbogbo ayé ń wá wò. Ẹ wá onígbọ̀wọ́. Ẹ háyà àwọn tó ń fi kámẹ́rà fò lókè. Wọ́n ní ọdún tí kò bá pawó wọlé, àṣedànù ni. Wọ́n ní àṣà ni epo rọ̀bì wa tuntun.

Mi ò gbà, mi ò sì ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ọdún ìlú, pàápàá ní àwọn ìlú kéékèèké wa, gbèsè ọpẹ́ ni ìlú ń fi san lójú gbogbo èèyàn, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹni tó bá ní ká máa tà á fún àlejò, ohun tó ń sọ ni pé ká kó owó tó yẹ ká fi san gbèsè lọ fi ṣòwò, kí ẹni tó yá wa lówó ṣì máa wò wá lójú.

Ojúde Ọba náà ni ká fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n ń nà sí wa lójú. Ọjọ́ kẹta Iléyá ló máa ń bọ́ sí. Ìtàn tí àwọn Ìjẹ̀bú ń sọ ni pé nígbà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí múlẹ̀ láàárín wọn, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Awùjalẹ̀, ọba wọn, gba àwọn Mùsùlùmí láyè láti sin Ọlọ́run wọn láìsí ìdíwọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti kírun yídì tán, tí wọ́n ti pa àgbò, tí wọ́n ti jẹ, tí wọ́n ti pín fún aládùúgbò, wọ́n á kó ara wọn jọ, wọ́n á gba ọ̀nà ojúde ọba lọ dúpẹ́. Orúkọ Balógun Kúkù, jagunjagun àti ọlọ́rọ̀ tó di Mùsùlùmí, kì í gbẹ́yìn nínú ìtàn bí ayẹyẹ náà ṣe di ńlá, àwọn ìdílé Balógun sì ń gun ẹṣin wá síwájú ọba títí dòní. Kò sẹ́ni tó ń ro ti òǹwòran nígbà náà. Àwọn tí wọ́n ṣe lóore ló ń dìde láti ilé wọn, ilé ẹni tó ṣe wọ́n lóore ni wọ́n sì ń lọ.

Kò yẹ kí irú ọpẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí Yorùbá. Bí èèyàn bá jẹun nílé ẹnì kan lónìí, bó bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́la, "ẹ ṣé àná o" ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Bó bá jẹ́ oore ńlá ni, á jí ní kùtùkùtù, á mú ẹnì kan tàbí méjì dání, á lọ kanlẹ̀kùn. "Ẹ ṣé àná" ti odidi ìlú ni Ojúde Ọba. Òun náà ni ọdún ìjẹṣu ní àwọn ìlú tí wọn kì í ti í fẹnu kan iṣu tuntun àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé e síwájú ẹni tí wọ́n gbà pé ó fún wọn. Òun náà ni ọdún ìkórè tí àwọn ìjọ wa ń ṣe. Ọpẹ́ ń ṣíwájú, oúnjẹ ń tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé nínú gbogbo wọn, ọpẹ́ náà mọ ilé ẹni tó ń lọ.

Ohun kejì tún wà tí àwọn tó ń wo fídíò kì í rí. Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ ní 1960, tó sì wàjà ní oṣù Keje ọdún 2025, ló jí ètò régbérégbé dìde ní ìgbà tiwa yìí. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra ló ń wà nínú ẹgbẹ́ kan, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì pa pọ̀. Gbọ́baníyì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á dá aṣọ tirẹ̀, á jó wá síwájú ọba, á kí i, á kọjá. Ẹni tó bá ti òkèèrè wò ó á ní ìfihàn aṣọ ni. Ará ilé mọ̀ pé kíka orí ni. Bí ẹnì kan bá ṣàì sí nínú ìlà, wọ́n á bi ara wọn léèrè: lágbájá dà? Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni? Ṣé àárín òun àti àbúrò rẹ̀ kò tíì tòrò ni? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó kú, ẹni tó ṣubú, ẹni tó bímọ, ẹni tó yẹ kí ẹgbẹ́ lọ bẹ̀ wò kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìlú tó mọ iye ara rẹ̀ ló lè mọ ẹni tó jẹ ní ọpẹ́.

Ní 2024, ọkùnrin kan ló gba gbogbo ìyìn: Farooq Oreagba, lórí ẹṣin, tòun ti jígí dúdú àti sìgá ńlá. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, tọmọdé tàgbà ti ń múra bíi tirẹ̀ ya fọ́tò. Ọkùnrin yìí kan náà ti sọ fún ayé pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń bá àrùn jẹjẹrẹ jà. Ẹ wo ẹni tó ní ohun tó lè tìtorí rẹ̀ gẹṣin lọ dúpẹ́! Ṣùgbọ́n sìgá àti jígí ni ayé mú. Mi ò bá òun wí o. Ojú kámẹ́rà ni mò ń bá wí. Kámẹ́rà mọ aṣọ, kò mọ ìdí tí wọ́n fi wọ̀ ọ́.

Ìjẹ̀bú-Òde lágbára, ó lè gbé ẹrù yìí díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sí àwọn ìlú tó jẹ́ pé ilé-ìwé girama kan ni wọ́n ní, ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún kan, àti ilé ìwòsàn tí nọ́ọ̀sì rẹ̀ kò ju méjì lọ. Níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tuntun yìí ti ń ba nǹkan jẹ́ jù.

Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n á pè é ní Ọjọ́ Ìlú. Èkó ni ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò rẹ̀ ń jókòó sí. Wọ́n á ta kánópì sí pápá ilé-ìwé: èyí tó ní àga onítìmùtìmù wà fún àwọn ẹni ńlá, èyí tó ti ya wà fún àwọn àgbààgbà ìlú, àwọn obìnrin ọjà sì wà nínú oòrùn. Aago mẹ́wàá ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpè, aago méjì ni sẹ́nétọ̀ tó dé. Kò sẹ́ni tó lè gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ kó tó dé, bí ẹni pé Ọlọ́run náà ń dúró dè é. Bó bá sì ti dé, onílù tó ti ń ki àwọn ọmọ ìlú láti àárọ̀, tó ń fi gángan sọ ẹni tí bàbá wọn jẹ́ àti ohun tí bàbá náà ṣe, á já oríkì sílẹ̀ láàárín méjì, á sáré lọ síbi tí owó wà. Olóòtú ètò á wá ní kí òun má fi àkókò ṣòfò, á fi ìdajì wákàtí ka orúkọ àwọn tó jókòó síwájú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fún ẹni ńlá náà ní àmì ẹ̀yẹ. Fún kí ni? Fún ọ̀nà tó ṣèlérí pé òun máa ṣe.

Ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí jù. À ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì ṣe é, kó lè bàa ṣe é. Agbe ni ìyẹn, àní bó tilẹ̀ wọ aṣọ àrán. Ohun tó sì burú níbẹ̀ ju ìtìjú lọ ni pé ó ń ti ẹni tí ọpẹ́ tọ́ sí sẹ́yìn. Bàbá tó yọ̀ǹda ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn lé wà lábẹ́ igi láàárín èrò, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti ibòmíràn wá, tó ń gbẹ̀bí fún wọn lóru nínú ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, kò rí àga jókòó. Tíṣà ìṣirò kan ṣoṣo tí wọ́n ní, tí ìjọba gbé wá tí kò sì sá lọ, wà nílé ìwé lọ́jọ́ náà, àmọ́ torí pé òun ni wọ́n ní kó máa to àga ni. Àwọn Ìgbìrà àti Àgàtú tó ń kọ ebè tí ìlú ń jẹ iṣu rẹ̀, ta ló ránṣẹ́ pè wọ́n? Ìlú kékeré ni a wí o, ibi tí gbogbo èèyàn ti mọra. Kò sẹ́ni tí kò mọ oore tí àwọn wọ̀nyí ṣe. Wọn ò gbàgbé wọn. Wọ́n kàn fi wọ́n sílẹ̀ nítorí pé àwòrán wọn kò ní pawó.

Wọ́n á ní: ebi ń pa ìlú, owó ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì ní yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Aláṣọ òkè, télọ̀, àwọn tó ń wé gèlè, ọlọ́kadà, ìyá tó ń se ìrẹsì, gbogbo wọn ń jèrè lọ́jọ́ ọdún, inú mi sì ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ra ọjà lọ́wọ́ wọn. Àlejò tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn kò dá aṣọ ẹgbẹ́. Kò ra àgbò. Kò kun ilé bàbá rẹ̀ lọ́dà, kò kan páànù tuntun sórí ilé ìyá rẹ̀, kò san owó ẹbí tó jẹ láti èṣí. Ọmọ ìlú tó wálé ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bí àlejò bá tilẹ̀ dé, níwọ̀n ìgbà tí ìlú kékeré kò ti ní òtẹ́ẹ̀lì, ìlú ńlá tó wà nítòsí ló máa lọ sùn, ibẹ̀ ló sì máa náwó sí.

Ẹ wo ohun tí àwọn ìlú wa fi ọwọ́ ara wọn kọ́. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ìjẹ̀ṣà ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Ní 1943, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ọ̀fà dá Offa Grammar School sílẹ̀. Kò sí arìnrìn-àjò afẹ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn tó gbà pé ìlú ló tọ́ àwọn, pé àwọn jẹ ẹ́ ní nǹkan, ni wọ́n kó ọwọ́ jọ. Níbo ni irú èrò bẹ́ẹ̀ ti ń wọ èèyàn lára? Mo rò pé ilé ni, lásìkò ọdún. Ẹni tó bá ń wálé lọ́dọọdún, tí ẹni tó kọ́ ọ ní kíkọ àti kíkà ń bi í pé iṣẹ́ ńkọ́, tó ń rí i pé òrùlé kíláàsì tí òun ti jókòó ti ṣí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ojú máa tì í láti máa lọ láìṣe nǹkan kan. Àmọ́ bó bá wálé tó jẹ́ pé ẹ̀yìn okùn ni wọ́n ní kó dúró sí, kó máa wo àwọn ẹni ńlá tó jókòó, fọ́tò ló máa yà, á sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ padà.

Wọ́n á tún ní: Òṣogbo ńkọ́? UNESCO kọ igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn àjogúnbá àgbáyé ní 2005, èrò sì ń ti òkè òkun wọ́ wá ní oṣù Kẹjọ. Òótọ́ ni. Ẹ lọ wo ohun tó wà nídìí rẹ̀. Àdéhùn tó wà láàárín Ọ̀ṣun àti Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, ni wọ́n ń sọ dọ̀tun lọ́dọọdún: odò gbà wọ́n láyè láti tẹ̀dó, wọ́n ń padà lọ dúpẹ́, wọ́n ń tọrọ ọdún mìíràn. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì mọ ọkùnrin, Arugbá, ló ń ru igbá lọ sódò, gbogbo ìlú sì ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má fi kọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ti Brazil àti Cuba wá, olórìṣà ni wọ́n. Wọ́n wá kí ìyá wọn ni. Susanne Wenger pàápàá, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nínú igbó náà kó tó kú ní 2009, inú ẹ̀sìn ló wọ̀ kó tó mọ ère kankan síbẹ̀. Àwọn òǹwòran ń wá sí Òṣogbo nítorí pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí wọn kò ṣe fún òǹwòran. Ẹni tó ní ká fi òǹwòran ṣe ìpìlẹ̀ ti kọ́ ilé láti orí òrùlé.

Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, ìjọba ní kí èrò má wọ́ lọ sí Òṣogbo. Àwọn tí ètùtù kàn ṣe é níwọ̀nba, wọ́n sì parí rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí Ojúde Ọba ní 2020 àti 2021. Mi ò fi ìyẹn bú Ìjẹ̀bú, nítorí ayẹyẹ tó jẹ́ pé ìpéjọ ni gbogbo rẹ̀ kò lè wáyé nígbà tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má péjọ. Àwọn tó ń sọ ọdún di ọjà ni mo fẹ́ bi: bí òǹwòran kankan kò bá wá lọ́dún yìí, kí ló kù nínú ọdún yín tí ẹ ṣì gbọ́dọ̀ ṣe? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí, ọdún yín ti kú, ariwo ẹ̀rọ ni kò jẹ́ kí ẹ gbọ́.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa rò pé mò ń gbèjà àwọn, àwọn tó ń pariwo pé ọdún àti ìdúpẹ́ ló sọ Yorùbá di òtòṣì, pé ká kó owó aṣọ ẹbí fi gbẹ́ kànga. Rárá o. Ìbejì ni wọ́n pẹ̀lú àwọn oníṣòwò ọdún. Àwọn kan ń ka iye tó wọlé, àwọn kejì ń ka iye tó jáde, kò sí ẹni tó bèèrè ohun tí ọdún wà fún nínú àwọn méjèèjì. Mo mọ̀ pé ìnáwó àṣejù wà. Ẹni tó jẹ gbèsè nítorí aṣọ ẹgbẹ́, kó lọ fọwọ́ wọ́nú. Àmọ́ ẹ wo gbànjo ọdún ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú kékeré. Iṣu kan tí kò tó nǹkan lọ́jà, ọkùnrin kan á gbé iye tó lè ra odidi òkìtì iṣu lé e lórí, gbogbo ìjọ á hó yèè. Lójú oníṣirò, òmùgọ̀ ni. Nígbà mìíràn, iṣu náà á tún tọwọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ opó tó jókòó lẹ́yìn. Ọkùnrin yẹn kò ra iṣu. Gbogbo ìjọ mọ̀ pé láàárín ọdún yẹn ọmọ rẹ̀ dìde lórí àìsàn, ó sì ń wá ibi tó máa gbé ọpẹ́ rẹ̀ kà. Ìwé ìṣirò wo ló ní ojú ewé fún ìyẹn? Tàbí abọ́ ẹran Iléyá tí Àlàájà ń gbé ránṣẹ́ sí ilé Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì, àti abọ́ ìrẹsì tó ń padà wá ní ọjọ́ Kérésìmesì? Kò sí kámẹ́rà níbẹ̀, kò sì sí ọdún kan tí wọn kì í ṣe é.

Àwọn oníṣòwò ọdún fẹ́ràn òwe tó ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Òmíràn tó wà nídìí rẹ̀ ni wọ́n gbá mú. Ẹni tó pa á kò ní kí ọmọ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rí lọ́nà tó wọ aṣọ olówó. Oore àná ní láti kọ́kọ́ wà.

Wọ́n ní bí kò bá sí ariwo àti gbajúmọ̀ olórin, àwọn ọ̀dọ́ kò ní wálé. Kí olórin wá lálẹ́, èmi náà á jó. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sán jẹ́ ti ìlú. Kí ọjọ́ ìfowósílẹ̀ yàtọ̀ sí ọjọ́ ọdún, kí ẹnikẹ́ni tó wà nípò tàbí tó ń dupò má gba àmì ẹ̀yẹ lọ́dún yẹn. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, kí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ka orúkọ àwọn tó ṣe ìlú lóore láti ọdún tó kọjá, kó sọ ohun tí wọ́n ṣe gan-an, ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀, afárá tí wọ́n tún ṣe, ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n sanwó ìdánwò fún, kí oníkálukú dìde, kí onílù kì í. Bí ọmọ ìlú ni, bí àlejò ni. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé èyí máa pẹ́ jù. Wọ́n lè fi wákàtí mẹ́rin dúró de sẹ́nétọ̀.

Ní ti onígbọ̀wọ́, bó bá fẹ́ràn ìlú, kó gbẹ́ kànga. Lọ́dún tó ń bọ̀, a ó ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ti nọ́ọ̀sì àti ti bàbá onílẹ̀, á dìde nígbà tó bá kàn án, á sì jókòó padà. Bó bá sì ní dandan ni kí pátákó ìpolówó òun wà lẹ́yìn ìtẹ́ ọba kí òun tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀, kó gbé e lọ sí Èkó, níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìgbádùn ní gbogbo oṣù Kejìlá.